Ta Ló Sanwó Èènì Tí À Ń Jẹ Nínú Bàálù?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti pinnu pé n óò sọ ọ́ lónìí, bí inú yóò bá tilẹ̀ bí àwọn ọ̀rẹ́ mi kan. Kí wọ́n bínú. Bí inú wọn bá rọ̀ tán, a óò tún jọ jẹun.

Ní ìlú Houston tí mo ń gbé, ní Amẹ́ríkà, kò sí òde ìnáwó àwa ọmọ Yorùbá tí ẹ lè lọ báyìí kí ẹ má bá ọ̀rọ̀ máìlì níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, bí a bá ti jẹun tán, ọ̀rọ̀ òṣèlú ilé la máa ń sọ, tàbí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ káàdì ni: káàdì àwìn tí báńkì àti oníbàálù jọ ń ṣe, tó jẹ́ pé bí o bá fi ra ọjà, wọ́n á máa ka máìlì fún ọ, bí máìlì náà bá sì pọ̀ tó, wọ́n á fi gbé ọ wọ bàálù. Níbi ìkómọ kan tí mo lọ láìpẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi kan tí mo jù lọ́jọ́ orí yọ pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó to káàdì mẹ́fà sórí tábìlì bí ẹni ń pàtẹ ọjà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí èyí? Òun ló gbé mi lọ sí Èkó ní Kérésì. Ọ̀fẹ́ ni o! Kọ́bọ̀ mi ò sí níbẹ̀."

Mo bi í pé, "Ọ̀fẹ́ láti ọwọ́ ta ni?"

Ó ní, "Láti ọwọ́ báńkì ni, sà."

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò dé inú mi.

Họ́wù! Báńkì wo ló ń ta ènìyàn lọ́rẹ? Ìyá tó bí mi ta elùbọ́ àti gààrí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí oníbàárà tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìgba èènì. Ṣùgbọ́n inú igbá ìyá mi ni èènì náà ti ń jáde. Bí ó bá bu ẹ̀kúnwọ́ gààrí kún tìrẹ, ẹ̀kúnwọ́ kan ti dín nínú tirẹ̀ nìyẹn. N kò rí i rí kó na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìyá arúgbó tó dúró lẹ́yìn rẹ, kó bu díẹ̀ nínú èyí tí ìyẹn ti rà, kó wá fi ṣe èènì fún ọ. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á lù ú lọ́jà. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ wò nìyí: inú igbá ta ni èènì orí káàdì yìí ti ń jáde?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Títí di ọdún 1978, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ń sọ iye tí oníbàálù lè gbà lọ́wọ́ èrò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, òun náà ló ń sọ ọ̀nà tí oníkálukú lè gbà. Oníbàálù kan kò lè jí ọjọ́ kan kó ní òun ti dín owó òun kù sí ìdajì. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó tú okùn náà sílẹ̀. Ọjà dàrú. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ń já wálẹ̀, ẹni tó wọ ọkọ̀ tìrẹ lánàá á wọ ti ẹlòmíràn lónìí nítorí dọ́là mẹ́wàá péré. Gbogbo oníbàálù wá ń wá okùn tí wọn yóò fi so oníbàárà mọ́ ẹsẹ̀ ara wọn.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Texas International ti ń ka máìlì fún èrò ní 1979. Ṣùgbọ́n èyí tó gba ayé kan ni ti American Airlines, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, tí wọ́n pè ní AAdvantage. Àwọn yẹn ní kọ̀ǹpútà ńlá kan, Sabre lorúkọ rẹ̀, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣa àwọn tó ń wọ ọkọ̀ wọn léraléra, wọ́n ní: bá wa fò, a ó máa ka máìlì rẹ, bó bá pé iye báyìí, a ó gbé ọ láìgba owó. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí United náà fi gbé tirẹ̀ jáde. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbẹ́yìn.

Èmi ò bá ìyẹn jà o. Àga tó ṣófo nínú bàálù, bí ọkọ̀ bá ti gbéra, ó ti ṣòfò nìyẹn. Kò sí bí a ṣe lè tà á lọ́la. Kí oníbàálù fi fún oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èènì ìyá mi ló jọ.

Ìgbà tí báńkì dá sí i ni ọbẹ̀ dànù. Káàdì àwìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nígbà náà. Ní 1950 ni Diners Club bẹ̀rẹ̀ ní New York, kí àwọn olówó lè jẹun ní ilé oúnjẹ kí wọ́n sanwó lóṣù. Ní 1958, Bank of America fi káàdì 60,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú Fresno ní Kalifọ́níà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Ìwọ jí láàárọ̀, o bá àwìn nínú àpótí lẹ́tà rẹ! Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ní òfin tó sọ pé èlé kò gbọdọ̀ kọjá iye báyìí. Òfin yẹn ló ń ká àwọn báńkì lọ́wọ́ kò. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1978, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé báńkì lè gba èlé tí ìpínlẹ̀ tí báńkì náà wà bá gbà fún un, ibi yòówù kí oníbàárà máa gbé. Ìpínlẹ̀ South Dakota mú òfin èlé tirẹ̀ kúrò ní 1980. Ní 1981, Citibank kó iṣẹ́ káàdì rẹ̀ lọ síbẹ̀. Sogúndogójì rí ilé gbé.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Oṣù kẹwàá 1978, wọ́n tú oníbàálù sílẹ̀. Oṣù kejìlá 1978, wọ́n tú elélé sílẹ̀. Oṣù méjì péré ló wà láàárín wọn. Ẹni méjì tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibo ni wọn ò ní ti pàdé? Wọ́n pàdé ní 1986, nígbà tí Continental gbé káàdì jáde pẹ̀lú báńkì kan. Ní 1987, American Airlines àti Citibank ṣe tiwọn: dọ́là kan tí o bá ná, máìlì kan. Láti ọjọ́ náà ni kò ti pọn dandan mọ́ kí ènìyàn wọ bàálù kó tó ní máìlì bàálù. Ra ẹja, o gba máìlì. Ra epo mọ́tò, o gba máìlì. Ní 1991, American Express náà wọ ọjà máìlì.

Ọ̀rọ̀ náà sì gun orí àwọn ènìyàn bí ọtí. Ní 1999, ẹnjiníà kan ní Kalifọ́níà rí i pé ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan ń fi máìlì tọrẹ fún ẹni tó bá fi àmì ara ọjà rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ra púdìnnì tó lé ní agolo 12,000! Nígbà tí kò lè dá àmì náà bó tán, ó fi púdìnnì ta ẹgbẹ́ aláàánú kan lọ́rẹ kí wọ́n lè bá a bó o. Ó gba máìlì tó ju mílíọ̀nù kan lọ. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti owó ẹyọ. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rọ owó ní Amẹ́ríkà fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa ná owó ẹyọ dọ́là kan, wọ́n bá ń tà á ní iye rẹ̀ gan-an, wọ́n sì ń gbé e dé ilé onílé láìgba owó ọkọ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n fi káàdì ra dọ́là ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ru àpótí náà lọ sí báńkì, wọ́n fi san gbèsè káàdì, wọ́n sì kó máìlì sápò. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni rà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tà, máìlì ń wọlé! Ní 2011 ni ìjọba fòpin sí i, wọ́n ní àwọn ò gba káàdì fún un mọ́.

A ti rẹ́rìn-ín tó. Ẹ jẹ́ kí a ka owó.

Oníbàálù kì í fún báńkì ní máìlì lásán; báńkì ń rà á ni. Delta nìkan, ní ọdún 2024, gba bílíọ̀nù dọ́là 7.4 lọ́wọ́ American Express. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, tí bàálù ò rí èrò gbé, United fi ètò máìlì rẹ̀ dúró láti yá owó. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 22 dọ́là ni wọ́n fojú bù pé ètò náà tó. Iye yẹn ju iye tí gbogbo ìpín ilé-iṣẹ́ náà tó lọ́jà nígbà náà lọ, tòun ti bàálù rẹ̀ àti gbogbo ohun ìní rẹ̀. Àbí ẹ̀yin náà ò rí i? Ọkọ̀ tí ń fò lókè yẹn ti di pátákó ìpolówó ọjà fún báńkì.

Níbo wá ni báńkì ti rí owó tó fi ń ra máìlì? Apá kan ni owó tí onílé káàdì ń san lọ́dọọdún. Ìyẹn kéré. Apá kejì ń wá láti ọ̀dọ̀ onísọ́ọ̀bù. Bí o bá fi káàdì ra ọjà 100 dọ́là ní Amẹ́ríkà, onísọ́ọ̀bù kì í rí 100 gbà. Nǹkan bíi dọ́là 2 ń lọ níbẹ̀, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá fún káàdì tó ń fúnni ní máìlì púpọ̀. Onísọ́ọ̀bù ńkọ́, ṣé òun á gbé e mì? Ó tì o. Á fi í lé orí ọjà. Iye kan náà ló sì máa ń wà lára ọjà fún ẹni tó ní káàdì àti ẹni tó mú owó pépà wá.

Ní 2010, ẹ̀ka báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní Boston ṣírò rẹ̀. Wọ́n rí i pé ìdílé tó ń fi owó pépà rajà ń pàdánù 149 dọ́là lọ́dún, bí a bá mú wọn ní ìpíndọ́gba, ìdílé tó ń fi káàdì rajà sì ń jèrè 1,133. Wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò nípa owó tó ń wọlé fúnni. Ilé tí owó rẹ̀ lọ́dún kò ju 20,000 dọ́là lọ ń san 21 sínú rẹ̀. Ilé tí tirẹ̀ tó 150,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń kó 750 jáde. Ẹ tún un kà. Tálákà ń dá owó fún olówó lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni ò sì bi í bóyá ó gbà.

Mo mọ àwọn tálákà tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru, tí báńkì kankan ò tíì fún ní káàdì nítorí wọ́n ní àwọn ò mọ ìwà rẹ̀ sí gbèsè, owó pépà ló fi ń ra ìrẹsì àti ẹran tó ń sè fún àwọn ọmọ rẹ̀. Sọ́ọ̀bù kan náà ni òun àti ọ̀rẹ́ mi onícáàdì mẹ́fà ń ná. Èènì tí ọ̀rẹ́ mi jẹ dé Èkó, ẹ̀kúnwọ́ kan ti inú apẹ̀rẹ̀ ìyá yẹn jáde.

Apá kẹta ló burú jù: èlé. Láti 2023, ìpíndọ́gba èlé orí káàdì ní Amẹ́ríkà ti kọjá 20 nínú 100 lọ́dún. Ẹ bá mi ṣírò. Ẹni tó ná 5,000 dọ́là gba máìlì 5,000. Máìlì kan kò ju sẹ́ńtì kan tàbí díẹ̀ lé lọ, nítorí náà èènì rẹ̀ tó nǹkan bí 50 dọ́là. Bí ó bá jẹ gbèsè náà fún ọdún kan gbáko, èlé rẹ̀ á tó 1,000. Ẹni tó gba 50 tó san 1,000, èwo ni ọ̀fẹ́ níbẹ̀?

N kò sọ ìtàn tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Àbúrò ìyàwó mi ni. Nígbà tí bàbá wọn kú, báńkì kan ti kọ̀wé sí i pé bó bá lè ná iye báyìí lórí káàdì tuntun láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n á fún un ní máìlì 60,000. Ó ní Ọlọ́run ló rán lẹ́tà náà. Aṣọ ẹbí, màlúù, onílù, àpótí òkú, gbogbo rẹ̀ ló ná lórí káàdì, ó di 18,000 dọ́là. Lóòótọ́, wọ́n fún un ní máìlì. Òun ló gbé e lọ síbi òkú, tó sì gbé e padà. Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ju 1,400 lọ. Ṣùgbọ́n èlé 18,000 yẹn, 300 dọ́là lóṣù ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ó tó wá san kọ́bọ̀ nínú ojúlówó gbèsè. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta. Èlé tó ti san ti ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, gbèsè náà sì ń wò ó lójú. Nígbà tí a bá jókòó lóde, tí àwọn onícáàdì bá ń fọ́nnu, òun náà máa ń fọ́nnu pẹ̀lú wọn. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ òru.

Àwọn báńkì ò sì kọ ẹnikẹ́ni lẹ́tà nítorí ẹni tó ń san tán lóṣooṣù nìkan. Irú àbúrò mi yìí ni ìkòkò ọbẹ̀ wọn.

Ẹ tún gbọ́ o: máìlì náà gan-an kì í ṣe tìrẹ. Oníbàálù lè yí iye tó máa gbà padà lálẹ́ ọjọ́ kan. Ní 2015, Delta yọ ìwé tó ń fi iye máìlì ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan han kúrò níta, kò sì dá a padà. Rábì kan tún wà ní Minnesota tó máa ń ráhùn púpọ̀ sí ilé-iṣẹ́ Northwest. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ètò máìlì wọn ní 2008, wọ́n ní ìráhùn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọn ò bá òun lò bí ó ti yẹ. Nígbà tí ẹjọ́ dé Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2014, gbogbo adájọ́ ló fẹnu kò pé òfin 1978 ọjọ́sí, èyí tó tú oníbàálù sílẹ̀, kò fàyè gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn á wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í jẹ gbèsè. Mo ń san tèmi tán lóṣooṣù." Ó dáa. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà náà, má pè é ní ọgbọ́n orí rẹ, má sì pè é ní ojú rere Ọlọ́run. Ìwọ lò ń jẹ, àwọn kan ló ń sè. Yúróòpù rí èyí, wọ́n fi òfin dè é ní 2015: báńkì kò gbọdọ̀ gbà ju sẹ́ńtì 30 lọ lórí ọjà 100 yúrò tí wọ́n fi káàdì àwìn rà. Ìdí nìyí tí káàdì àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún kì í fi í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú máìlì rẹpẹtẹ bí ti Amẹ́ríkà. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń jowú wa. Ní Amẹ́ríkà, àwọn sẹ́nétọ̀ kan gbé àbá wá ní 2022 láti mú kí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù wálẹ̀, wọ́n tún gbé e wá ní 2023. Ìgbà méjèèjì ni kò di òfin. Àwọn oníbàálù wà lára àwọn tó pariwo jù; wọ́n ní máìlì àwọn aráàlú á parẹ́. Ẹ ò rí i pé àwọn fúnra wọn ló jẹ́wọ́ ibi tí máìlì ti ń wá!

Mo fẹ́ kí àbá yẹn di òfin. Kí àwa tí a lè dìbò níbí máa bi àwọn tó ń tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa nípa rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ, bí n kò bá sì sọ ọ́, alábòsí ni mí. Èmi náà ní káàdì náà. Ní 2019, aago mẹ́ta òru, wọ́n pè mí láti ilé pé ìyá mi ti lọ. United ti fi ọ̀nà Houston sí Èkó sílẹ̀ láti 2016, mo ní láti gba Atlanta. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kejì lé ní 3,000 dọ́là, n kò sì ní í lọ́wọ́. Mo wo inú káàdì, máìlì wà níbẹ̀. Ó gbé mi. Mo dé kí wọ́n tó gbé ìyá mi sínú ilẹ̀, mo sì fi ọwọ́ mi bu yẹ̀pẹ̀ lé e. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ bú káàdì náà tó tí mo lè sọ pé kò ṣe mí lóore. Ṣùgbọ́n inú bàálù yẹn ni mo ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi ní ìbéèrè yìí. Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún bu èènì láti inú igbá ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń lọ sin ín pẹ̀lú èènì tí wọ́n bù nínú igbá ìyá ẹlòmíràn. N kò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò ìyàwó mi pè mí. Báńkì mìíràn ti kọ̀wé sí i, máìlì 75,000 ni ti àwọn wọ̀nyí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbà á? N óò fi san ti àkọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀." Mo ní kó gbé lẹ́tà náà wá sílé mi ní ọjọ́ Sátidé, kó mú gbogbo ìwé gbèsè tó wà nílé dání, kí a jọ jókòó tì í. Mo ti wá àlùmọ́gàjí sórí tábìlì. Sátidé ti kọjá, kò tíì yọjú.